Ìbéèrè Mẹ́rin Lábẹ́ Igi Mọ́kànlá

"Kà á sókè," ni ọ̀gá àgbà wí. Ìka kan ṣoṣo ni ó fi ti ìwé náà kọjá lórí tábìlì, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ó lè ta òun.

Olùkọ́ mú un. Ojú ìwé kan ni, tí wọ́n já láàárín ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé. Ihò kéékèèké wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí wọ́n ti fi píìnì kàn án mọ́ pátákó ìkéde. Bírò aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán, ó sì jìnnà díẹ̀ sí èkejì rẹ̀.

"'Ẹni tó kọ ìkéde yìí pe ibẹ̀ ní igbó,'" ó bẹ̀rẹ̀. "'Kì í ṣe igbó. Igi mọ́kànlá ni, wọ́n sì gbìn wọ́n sí ìlà méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gé wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ wọ́n di igbó, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣọ̀fọ̀ igbó...'"

Ohùn rẹ̀ dá. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà le kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí ojú rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Máa kà á lọ."

"'Lẹ́yìn náà, ó mú ejò wá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ iléèwé yìí, ejò kò bu ẹnikẹ́ni ṣán níbẹ̀ rí. Àmọ́ ẹni tó bá ti pàdé ejò nínú gbólóhùn kò ní ráyè béèrè ohun tó kù. Kí ni ohun tó kù? Ìkéde náà sọ ọjọ́ tí wọn yóò gé igi. Ó sọ ìdí tí wọn yóò fi gé e. Kò sọ ẹni tí yóò ni ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí igi bá wó tán. Ibi tí òǹkọ̀wé yìí ti dákẹ́, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà á.'"

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ó tutù, ó sì rin. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì.

"Ó dùn ún gbọ́, àbí?" Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè ni. Bó bá fẹ́ kí ènìyàn gbọ̀n, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ sọ fún un, igbákejì."

Igbákejì ọ̀gá, obìnrin kan tó fi okùn so ìgò ojú mọ́ ọrùn, nasẹ̀ lórí àga rẹ̀. "Mo kó ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo kíláàsì ìkẹyìn jọ. Wákàtí kan kò pé tí mo fi rí i. Ọmọ gíga yẹn ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́. Ẹ wo ayé! Ọmọ tí kò lè kí ènìyàn kó jáde lẹ́nu rẹ̀, òun ló wá ń bi ọ̀gá àgbà pé ta ló fẹ́ ni ilẹ̀."

"Ṣé ó ti jẹ́wọ́, mà?" Olùkọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹlòmíràn nínú yàrá kejì.

"Jẹ́wọ́ kẹ̀? Ó dúró síbẹ̀ bí òpó iná ni."

"Mi ò bá ọ wí o," ni ọ̀gá àgbà gbà á sọ. "Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń kọ́ wọn ní irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ìbáwí máa jókòó, aago mẹ́wàá. Bàbá ọmọ náà ń bọ̀, aṣojú àwọn òbí náà ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìbínú la fi lé ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ìwọ tó mọ iṣẹ́ náà tú ìwé yìí palẹ̀ níwájú wọn, bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Là á yé wọn pé ọ̀tẹ̀ ni, pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe, àti pé ìwọ kọ́ lo rán an. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó fa fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ kan jáde, ó ṣí i, ó wò ó díẹ̀.

"Ìwé tìrẹ náà nìyí. Ọdún méjì tí a fi ń wo ọwọ́ ẹ máa pé lóṣù tó ń bọ̀, àbí mo ṣìṣe? Ìfọwọ́sí mi nìkan ló kù kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́."

Ó pa fáìlì náà dé jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fa aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Láti ọ́fíìsì dé yàrá àwọn olùkọ́, ó ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ kí ó má baà sáré. Nígbà tó dé ìdí tábìlì rẹ̀, ó fa àpótí rẹ̀ yọ, ó tú gbogbo rẹ̀, ó gbọn ìwé kọ̀ọ̀kan, ó tún wo abẹ́ àga. Ojú ìwé kan ló ń wá, ó sì mọ̀ pé òun kò ní rí i níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sókè níwájú ọ̀gá àgbà.

Ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi ń yí ọkàn ènìyàn padà ni iṣẹ́ sáà yìí, àti bí a ṣe ń tú u palẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n yàn fún kíláàsì ìkẹyìn jẹ́ àwọn kan tí wọ́n kọ ìlú sílẹ̀ lọ bá igi àti omi. Wọ́n gbà pé òtítọ́ tó wà nínú ọkàn ènìyàn àti èyí tó wà nínú ewé, ọ̀kan náà ni, àti pé ènìyàn lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ láìsí alágbàwí láàárín. Àwọn ọmọ sọ wọ́n ní Ẹgbẹ́ Sá-kúrò-nílé. Èyí tí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni àròkọ obìnrin kan tó ti ṣe akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́ rí, tó lọ fi ọdún kan dá gbé lẹ́bàá àbàtà. Obìnrin náà ní lékèélékèé kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó dúró síbi tó wù ú.

"Àǹtí, obìnrin yìí ń parọ́," ni ọmọkùnrin kan sọ lọ́jọ́ náà. "Ó ní òun dá wà. Ta wá ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un?"

"Ìyàwó àbúrò ẹ̀ ni," ni òmíràn dá a lóhùn. "Ó kàn fi tìyẹn pamọ́ ni, kó má baà bá a pín ògo."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú olùkọ́ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣeun! Ìbéèrè kẹrin gan-an nìyẹn."

Ìbéèrè mẹ́rin ló fi ń kọ́ wọn. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe? Kí ni kò sọ? Ó máa ń béèrè èkíní lemọ́lemọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Àǹtí Ta-ló-ń-sọ̀rọ̀. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré á pe orúkọ náà láti ojú fèrèsé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní òfin méjì. Èkíní, bí òjò kò bá rọ̀, abẹ́ igi mọ́kànlá tó wà lẹ́yìn yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ẹ̀kọ́ yóò ti wáyé. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní bí ènìyàn bá ń dà á kọ, yóò mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti mí kanlẹ̀, yóò sì mọ ibi tí ó ti sáré kọjá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìkéde jáde láti ọ́fíìsì pé wọn yóò gé igbó ẹ̀yìn yàrá sáyẹ́ǹsì nítorí ejò, fún ààbò àwọn ọmọ. Wọ́n kàn án mọ́ pátákó ìkéde, wọ́n sì gbé e yí ká yàrá olùkọ́. Olùkọ́ méjìdínlógún kà á, wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ti kà á, wọ́n sì padà sórí ìwé tí wọ́n ń máàkì. Òun náà fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́rin ni ó fi kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ní yunifásítì. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé, nílé, ó mú pẹ́ẹ̀nì pupa, ó yí ìwé ìdánwò àtijọ́ kan sẹ́yìn, ó sì bi ìkéde náà ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn ń dán an wò ni, bóyá ìbéèrè náà yóò ṣiṣẹ́ lára ìwé tí kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Nígbà tó parí, ara tù ú bí ẹni tó rí ibi tó ń yún un họ. Ó pinnu láti fà á ya. Lọ́jọ́ Ajé, ó ru ìwé àkọsílẹ̀ méjìlélógójì lọ sí iléèwé, ó sì pín wọn.

Nígbà tí aago ìparí lù, ó bá ọmọ náà lábẹ́ igi keje. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan ní déédéé àyà ènìyàn.

"Ẹ káàsán, Àǹtí." Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀. Lóòótọ́ ni ó ga. Bó ti kúnlẹ̀ yẹn náà, orí rẹ̀ dé èjìká olùkọ́.

Olùkọ́ wẹ̀yìn wò kí ó tó sọ̀rọ̀. Fèrèsé ọ́fíìsì kọjú sí ibí, ṣùgbọ́n wọ́n fa aṣọ bò ó. "Ṣé ìwọ lo kàn án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó ti hàn gbangba. "Ẹ̀yin lẹ fún mi, mà."

"Èmi? Nígbà wo?"

Ọmọ náà ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí igbákejì ti dá padà fún un. Nísàlẹ̀ àròkọ tó kẹ́yìn, olùkọ́ rí ìkọ̀wé pupa ara rẹ̀: *O ń rí nǹkan dáadáa. Ìgbà wo lo máa sọ̀rọ̀?*

"Àárín ojú ìwé yìí gan-an ni ìwé yín wà," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì há díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn kì í ṣí. "Ẹ bi mí pé ìgbà wo ni mo máa sọ̀rọ̀, mo sì ṣí i, mo rí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo rò pé ẹ ní kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo wá dà á kọ bí ẹ ṣe ní ká máa ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dà á kọ, Àǹtí. Nígbà tí mo dà á kọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá dà bíi pé èmi ni mò ń sọ ọ́."

Olùkọ́ di ara igi mú. Ọ̀dà funfun náà kò tíì gbẹ dáadáa. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kí lo sọ fún igbákejì?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà." Ẹ̀rín kékeré kan yọ ní igun ẹnu ọmọ náà. "Ìyẹn ò le fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìwé kan tó ti ká sí mẹ́rin yọ láti inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Pupa hàn lára rẹ̀.

"Ẹ gbà á. Kò sẹ́lòmíì tó rí i. Ẹ fà á ya, ó ti tán nìyẹn." Ó dúró díẹ̀. "Gbólóhùn kan ni mi ò dà kọ. Èyí tó kẹ́yìn. Ó jọ pé tiyín nìyẹn, kì í ṣe tèmi."

Olùkọ́ mọ gbólóhùn náà. Kò ṣí ìwé náà.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ní bí wọ́n bá lé mi, kí n gbé àga tèmi wá sí ṣọ́ọ̀bù, ká jọ máa rán bàtà." Ọmọ náà wo nọ́ńbà tó wà lára igi. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù ká ṣe ìdánwò àṣejáde, mà."

Ìdáhùn tó lè gba ọmọ náà sílẹ̀ wà. Olùkọ́ mọ̀ pé ó wà, pé kò gùn ju gbólóhùn kan lọ. Ó rí aṣọ fèrèsé ọ́fíìsì tó mì, bóyá atẹ́gùn ni, bóyá kì í ṣe atẹ́gùn.

"Máa lọ sílé," ló sọ. Ó sì ti ìwé náà sínú báàgì.

"Ta ló kú?" ni ìyá rẹ̀ bi í bó ti wọlé.

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyá mi."

"Ṣùgbọ́n ojú ẹ ti lọ síbi òkú. Jókòó."

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì ń wọlé láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ ti gbé omi kaná. Iṣẹ́ atẹ̀wé ló ṣe ní ọ́fíìsì kan fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Títí di òní, bó bá ń ronú, ìka rẹ̀ á máa tẹ orí tábìlì bíi pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Olùkọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìyá gba ìwé náà, ó nà án jìnnà sí ojú, ó kà á dé ìsàlẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "O mọ̀wé í kọ, ọmọ mi. Bá mi mú ìṣáná."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ọmọ yẹn..."

"Ọmọ yẹn ní bàbá. Ta ni ìwọ ní? Èmi tí mò ń gbé ẹsẹ̀ wíwú kiri ilé yìí?" Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tábìlì. "Jẹ́ kí n sọ nǹkan tí mi ò sọ fún ọ rí. O rò pé mo fẹ̀yìn tì ni. Mi ò fẹ̀yìn tì. Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n fi ń lé ènìyàn níbi iṣẹ́ wa, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gbé ìwé kan fún mi pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé ìlà kẹrin kí n tó rí i pé orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

Olùkọ́ wò ó. "Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni kí n ṣe? Mo tẹ̀ ẹ́ parí." Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Mo tún kà á yẹ̀ wò, bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kò sẹ́ni tó dìde sí i.

"Àwọn yẹn ò ṣe é bá jà," ni ìyá wí. "Wọ́n máa lé ọmọ yẹn, wọ́n á tún lé ìwọ. Wọ́n á sì gé igi náà. Kí wá ni èrè ẹ̀? Mú ìṣáná wá, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́."

Olùkọ́ mú un wá. Ìyá rẹ̀ ṣá a, ó fi iná sí igun ìwé náà lórí àwo irin, pupa di dúdú, dúdú di eérú. Ara olùkọ́ fúyẹ́. Láti àárọ̀, ohun púpọ̀ ti dẹ́rù bà á: fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, aṣọ fèrèsé, ohùn jẹ́jẹ́ ọkùnrin náà. Kò sí èyí tó dẹ́rù bà á tó bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́ yìí.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, àga márùn-ún wà lẹ́yìn tábìlì gígùn, ènìyàn mẹ́rin sì ti jókòó: ọ̀gá àgbà, igbákejì rẹ̀, aṣojú àwọn òbí tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, àti akọ̀wé iléèwé tó ń kọ ohun tí kálukú bá sọ sínú ìwé ńlá kan. Olùkọ́ jókòó sórí àga karùn-ún. Ọmọ náà dúró níwájú wọn, bàbá rẹ̀ sì dúró tì í, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù àti pólíìṣì ti dúdú sí àyíká èékánná ọkùnrin náà. Ó ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti ní kí ó dìde.

"Ọmọbìnrin," ni igbákejì wí, "ìgbà ìkẹyìn nìyí. Ta ló kọ́ ọ ní ohun tó o kọ yìí?"



"Dá wọn lóhùn!" Ohùn bàbá rẹ̀ gbọ̀n. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ nà án. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ìyà. Ẹ jẹ́ kó gbá gbogbo iléèwé yìí títí wọn á fi ṣe ìdánwò. Ẹ má ṣáà lé e."

Ilẹ̀ ni ọmọ náà ń wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, kò gbójú sókè wo olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó mọ̀ pé ojú lásán lè tú àṣírí.

"Ó dáa," ni ọ̀gá àgbà wí jẹ́jẹ́. "Àǹtí wa máa là á yé wa."

Olùkọ́ dìde. Orúnkún rẹ̀ kan ẹsẹ̀ tábìlì, gíláàsì omi sì mì. Ó ti há ìlà mẹ́ta sórí láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ìlà mẹ́ta tí kò parọ́ tí kò sì sọ òótọ́. Ó mú ìwé búlúù náà lọ́wọ́.

"Ìbéèrè mẹ́rin la máa ń bi ìwé," ó bẹ̀rẹ̀. "Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú pátákó ìkéde ló ń bá sọ̀rọ̀: olùkọ́, ọmọ iléèwé, òbí. Kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ó fẹ́ kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò ni ilẹ̀."

Ọ̀gá àgbà mi orí. "Ẹ gbọ́. Ó ń ru wọ́n sókè."

"Kí ni kò sọ?" Ó wo ẹ̀yìn ìwé náà. "Kò... kò sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ibi tí mo lè dé nìyẹn, sà."

Ó fẹ́ jókòó.

"Dúró ná," ni aṣojú àwọn òbí wí. Kò gbójú kúrò lára aago rẹ̀. "Mẹ́rin lo pè é. Mẹ́ta ni mo gbọ́. Ìkan ti jábọ́."

"Kò pọn dandan," ni ọ̀gá àgbà wí.

"Rárá, ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀. Oníṣirò ni mí, mi ò fẹ́ràn kí nǹkan ku ẹyọ kan. Èwo ló kù?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò dín kù. Ó wo bàbá ọmọ náà, ó wo fìlà tó ti fún pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó rántí ìka ìyá rẹ̀ lórí tábìlì, àti lẹ́tà tí kò ní àṣìṣe kankan.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Èyí tó kù nìyẹn."

"Ẹn-ẹ́n. Ta wá ni?"

"Èmi ni."

Pẹ́ẹ̀nì akọ̀wé dúró lójú kan.

"Ṣọ́ra, ọmọ mi." Ohùn ọ̀gá àgbà ti rẹlẹ̀ jọjọ. "Ìkọ̀wé ọmọ yìí ni gbogbo wa rí."

"Ó dà á kọ ni, sà. Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n máa dà á kọ. Ọ̀rọ̀ mi ni. Mo kọ ọ́ nílé, ó ṣèèṣì bọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì rò pé iṣẹ́ ni mo fún òun."

"Èyí tó o kọ náà dà?" ni igbákejì béèrè.

"Mo sun ún lánàá."

"O sun ún!" Igbákejì bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ àlọ́! Olùkọ́ fẹ́ gba ẹ̀bi ọmọ rù, ó wá sun ẹ̀rí. Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi sun ún, mà. Ó ṣì ń bà mí." Ó tẹ́ ìwé búlúù náà sórí tábìlì. "Àmọ́ gbólóhùn kan wà tí kò sí nínú èyí. Ọmọ yìí fò ó, nítorí kò lè jẹ́ tirẹ̀. Òun ló gbẹ̀yìn ohun tí mo kọ: *Èmi náà ka ìkéde yìí ní yàrá olùkọ́, mo fọwọ́ sí i, mo sì dákẹ́.*"

Ọmọ náà gbé orí sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárọ̀ náà. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń bá gbólóhùn náà lọ láìgbóhùn, bí ẹni tó ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà.

Aṣojú àwọn òbí yọ ojú kúrò lára aago rẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó wo ètè rẹ̀, ó tún wo ọ̀gá àgbà. "Ta gan-an ló máa ni ilẹ̀ náà?" ló béèrè, bí ẹni tó ń béèrè ohun kékeré.

Fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ wà níwájú ọ̀gá àgbà. Ó fi ọwọ́ lé e, kò sì ṣí i.

Akọ̀wé, arúgbó kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wúkọ́. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ kálukú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, títí tó fi kan ibi tí pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ dúró sí.

"Ẹ forí jì mí, ọ̀gá," ló wí. "Ibí yìí. Ta ni kí n kọ pé ó ń sọ̀rọ̀?"

Ọ̀gá àgbà kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí fáìlì.

Olùkọ́ pe orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, ti baba rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀, ó sì wà lórí ìdúró títí tí ọkùnrin náà fi kọ ọ́ tán.